Mo fẹ́ fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ lọ sí ilé-iṣẹ́ ìpolówó ní Èkó: kí ni kí n béèrè kí n tó fọwọ́ sí ìwé?

Olùkọ́ Ìbàdàn

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Èdè Yorùbá ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní Ìbàdàn, mo sì ti ń kọ ewì àti eré kéékèèké fún rédíò láti ọjọ́ pípẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ilé-iṣẹ́ ìpolówó kan ní Ìkẹjà ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá máa bá wọn kọ ìpolówó lédè Yorùbá, ti rédíò, ti tẹlifíṣọ̀n àti ti pátákó ojú títì. Owó oṣù tí wọ́n dárúkọ ju ti olùkọ́ lọ dáadáa, iṣẹ́ náà sì wù mí dé ọkàn. Ṣùgbọ́n ẹnu àwọn tí mo bi léèrè kò kò. Àwọn kan ní kò sí iṣẹ́ tó dùn tó o, àwọn mìíràn ní òru ni wọ́n fi ń ṣe é, pé owó rẹ̀ a sì máa pẹ́ kó tó dé. Mo ní aya, mo sì ní ọmọ méjì, n kò lè fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí tàbí tí ẹ ṣì wà níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Àgbà Ìpolówó

Olùkọ́, ẹ kú ìmúra. Iṣẹ́ yìí ni mo ṣe jẹun láti ìgbà tí mo ti parí àgùnbánirọ̀ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó dùn níbẹ̀, torí mo mọ̀ pé àwọn tí ìyà rẹ̀ ti jẹ yóò sọ̀rọ̀ láìpẹ́, wọn kò sì ní parọ́.

Ẹ má rò pé iṣẹ́ àjèjì lẹ fẹ́ lọ ṣe. Kí ilé-iṣẹ́ ìpolówó West African Publicity, tí a wá mọ̀ sí Lintas, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1928, àwọn ìyá wa ti ń kiri àgbàdo sísè, wọ́n ti ń ké “Láńgbé jinná o” tí ọmọdé fi ń sáré jáde nílé. Ohun tí ilé-iṣẹ́ ìpolówó ń wá náà nìyẹn, ẹni tó mọ bí a ṣe ń mú etí èrò ọjà láàárín ariwo. Olùkọ́ èdè tó tún ń kéwì níye lórí níbẹ̀ ju ẹni tó kàn lè yí Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá lọ.

Bí iṣẹ́ ṣe ń lọ nìyí. Oníbàárà, bóyá báńkì tàbí ẹni tó ń ṣe ọṣẹ, yóò gbé ìwé àlàyé wá, èyí tí gbogbo wa ń pè ní brief. Ẹni tó ń kọ̀wé àti ẹni tó ń yàwòrán yóò jókòó ti ara wọn, wọn yóò máa ju èrò sílẹ̀, ọ̀pọ̀ èrò yóò sì kú kí ẹyọ kan tó yè. Bí ọ̀gá tó ń darí yín bá gbà á, ó di ọ̀dọ̀ oníbàárà. Bí oníbàárà bá fọwọ́ sí i, ó di ọ̀dọ̀ ARCON, ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń mójú tó ìpolówó, tí òfin ọdún 2022 gbé kalẹ̀ dípò APCON àtijọ́, nítorí pé wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ ìpolówó ọjà wò kí ó tó lè dé orí afẹ́fẹ́. Níbikíbi nínú ọ̀nà yìí ni wọ́n ti lè pa èrò yín tàbí kí wọ́n gé e kù díẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ó bá la gbogbo rẹ̀ kọjá! Mo gbọ́ ìlà kan tí èmi àti ẹlẹgbẹ́ mi kọ lẹ́nu kọ̀ńdọ́ kan ní Ọjọ́ta, ó fi ń pe èrò sínú ọkọ̀. Kò tilẹ̀ rántí mọ́ pé inú ìpolówó ni ó ti gbọ́ ọ, ó ti di ọ̀rọ̀ ẹnu tirẹ̀. Wọ́n ti fún mi ní àwo ẹ̀yẹ lórí iṣẹ́ yìí, kò sí èyí tó wọ̀ mí lára tó bẹ́ẹ̀. Ohun mìíràn tí ẹ ó gbádùn ni ẹgbẹ́. Ẹ ó wà láàárín olórin, ayàwòrán, oníkámẹ́rà àti òṣèré. Ní ọ̀sẹ̀ yìí ẹ ó máa kẹ́kọ̀ọ́ nípa bí wọ́n ṣe ń ṣe sìmẹ́ńtì, ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ẹ ó máa kẹ́kọ̀ọ́ nípa oògùn ibà, nítorí pé a kì í polówó ohun tí a kò mọ̀.

Ohun tó korò jù ní tèmi ni pé oníbàárà tí kò gbọ́ Yorùbá ni yóò máa tún Yorùbá yín ṣe. Yóò ní kí ẹ tú ohun tí ẹ kọ padà sí Gẹ̀ẹ́sì fún òun, ìtumọ̀ yẹn ni yóò sì máa bá jà, kì í ṣe ohun tí ará Mọ́kọ́lá yóò gbọ́ lórí rédíò. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ máa kọ ìtumọ̀ náà, ẹ má fi í sílẹ̀ fún akọ̀wé ọ́fíìsì. Lẹ́yìn èyí, ẹ ka Yorùbá rẹ̀ sórí fóònù pẹ̀lú ohùn tó yẹ ẹ́, kí ẹ sì gbé e lé oníbàárà létí. Mo ti rí ọ̀pọ̀ tí ìwé kò yí lọ́kàn padà, tí ohùn yí wọn lọ́kàn padà kí ó tó parí.

Ayàwòrán Ìlúpéjú

Mo kí yín, ẹ̀gbọ́n. Ohun tí Àgbà sọ nípa Yorùbá wa kò mọ sórí rédíò, ó tún burú sí i lórí pátákó. A ṣe pátákó ńlá kan fún oníbàárà kan ní ojú ọ̀nà tó wọ Ìbàdàn. Akọ̀wé wa kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa pẹ̀lú àmì lókè àti lábẹ́. Nígbà tí fáìlì dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé, kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò ní irú lẹ́tà (font) tí a lò, ó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, gbogbo lẹ́tà tó ní àmì lábẹ́ sì di àpótí òfìfo. Wọ́n gbé e kọ́ sókè bẹ́ẹ̀, gbogbo ọkọ̀ tó ń kọjá sì ń wò ó.

Lẹ́tà tó ní àmì lókè àti lábẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, bíi ẹ̀ àti ọ́, ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù, nítorí pé kọ̀ǹpútà ń to àmì lé lẹ́tà lórí ni, irú lẹ́tà tí wọn kò ṣe fún un kò sì ní mọ ibi tí yóò gbé àmì náà sí. Ẹ sọ fún ayàwòrán yín pé kí ó lo irú lẹ́tà tó gba Yorùbá (Noto tí Google ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ gbà á dáadáa), kí ó sì sọ ọ̀rọ̀ di àwòrán kí fáìlì tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ẹ̀yin sì ní kí wọ́n fi ẹ̀dà ìkẹyìn hàn yín kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Àwọn kan yóò ní ẹ ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn, ẹ má dá wọn lóhùn. Bí àṣìṣe bá jáde, orúkọ ẹni tó ń kọ Yorùbá ni wọn yóò kọ́kọ́ dá.

Ohun kan ṣoṣo tí mo tún fẹ́ kí ẹ béèrè ni iye ìgbà tí oníbàárà lè dá iṣẹ́ padà fún àtúnṣe. Níbi tí kò bá ti sí òdiwọ̀n, ẹ ó rí i pé iṣẹ́ tí ẹ ti fi ìdùnnú ṣe ní ọjọ́ Ajé yóò ti sú yín pátápátá kí ó tó di ọjọ́ Ẹtì.

Ìyá Ìbejì

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Èmi ni yóò sọ̀rọ̀ nípa òru.

Bí oníbàárà tuntun bá ń wá ilé-iṣẹ́ tí yóò fún ní iṣẹ́, yóò pe ilé-iṣẹ́ mélòó kan láti wá figagbága. Pitch là ń pè é. Gbogbo wọn yóò ronú, wọn yóò yàwòrán, wọn yóò kọ orin, ẹnì kan ṣoṣo ni yóò sì mú un lọ. Àkókò yẹn ni òru máa ń di ọ̀sán. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, bí aago mẹ́jọ alẹ́ bá ti lù, wọn yóò ra ìrẹsì àti adìyẹ fún wa, àwọn ọ̀gá yóò sì gbà pé wọ́n ti san gbèsè alẹ́ yẹn nìyẹn. Mo wà nínú oyún ìbejì nígbà náà. Mo máa ń jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú, èmi àti àwọn ọmọdé tí kò tíì gbéyàwó, a ó máa wá orúkọ fún ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò, a ó máa rẹ́rìn-ín gan-an. N kò ní parọ́, ẹ̀rín yẹn wà, mo ṣì ń ṣàárò rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bímọ tí mo padà dé, tí mo ní aago mẹ́fà ni n ó máa lọ sílé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn mìíràn ní iṣẹ́ tó dára, àwọn ìwé pélébé tí wọ́n ń pín ní ilé ìtajà ló ń kù fún mi. Kò sí ẹni tó bá mi wí, wọn kò kàn pè mí mọ́.

Nítorí náà, àbúrò, nígbà tí ẹ bá lọ bá wọn sọ̀rọ̀, ẹ má bi ọ̀gá pé ṣé iṣẹ́ máa ń di òru, torí yóò ní ó máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá ẹnì kan tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, kí ẹ bi í pé, “Aago mélòó lẹ kúrò níbí ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá?” Ẹ tún bi wọ́n pé ta ni yóò san owó ọkọ̀ bí ilẹ̀ bá ṣú, àti pé bí ènìyàn bá ṣiṣẹ́ mọ́jú, ṣé wọn yóò jẹ́ kí ó sùn ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ wo ojú wọn nígbà tí wọ́n bá ń dáhùn. Kí ẹ sì wò ó bóyá abiyamọ tó ní ọmọ kéékèèké wà lára àwọn ọ̀gá. Níbi tí irú wọn bá wà, wọ́n máa ń tètè jẹ́ kí òṣìṣẹ́ lọ sílé.

Oníṣirò Owó

Ilé-iṣẹ́ ìpolówó méjì ni mo ti bá ṣírò owó, mo sì fẹ́ kí Olùkọ́ fara balẹ̀ ka èyí.

Ẹ má fi owó oṣù tí wọ́n dárúkọ wé ti ìjọba lójú lásán. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 sọ pé ilé-iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ dá owó ìfẹ̀yìntì fún wọn: kí òṣìṣẹ́ dá ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún ó kéré tán, kí agbanisíṣẹ́ sì dá ìdá mẹ́wàá. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ń san án, kí ẹ sì bi àwọn òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ bóyá owó náà ń hàn nínú àkáǹtì wọn lóṣooṣù, nítorí pé mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń yọ ọ́ lówó oṣù tí kò sì dé ibi tó ń lọ. Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe pín owó náà lórí ìwé. Owó ìpìlẹ̀, owó ilé àti owó ọkọ̀ ni òfin ní kí ìṣirò náà má kéré sí. Bí wọ́n bá kọ iye táṣẹ́rẹ́ sí ìdí mẹ́ta yìí, tí wọ́n wá kó èyí tó pọ̀ sábẹ́ orúkọ mìíràn, owó ogbó yín ni wọ́n dín kù.

Èkejì, ẹ mọ ibi tí owó oṣù ti ń wá. Oníbàárà ńlá lè gba iṣẹ́ lónìí kí ó má san owó rẹ̀ títí oṣù mẹ́ta yóò fi kọjá. Kí ó tó san án, ilé-iṣẹ́ yóò ti san owó fún ilé rédíò, fún olórin, fún oníkámẹ́rà, fún epo jẹnẹrétọ̀. Bí kò bá ní owó ìpamọ́, owó oṣù ni yóò dúró de oníbàárà. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí ẹ bi wọ́n, bó ti wù kó le lẹ́nu tó, ni pé oníbàárà mélòó ló ń mú èyí tó pọ̀ jù nínú owó wọn wá. Níbi tí oníbàárà kan bá ti ń mú ìdajì wá, ọjọ́ tí ó bá kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ilé-iṣẹ́ mìíràn ni wọn yóò dá ènìyàn dúró, ẹni tó dé gbẹ̀yìn ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ lọ. Mo kọ irú ìwé ìdádúró bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ tó mọ iṣẹ́ gan-an, tí wọn kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ó dùn mí títí dòní.

Ẹ lọ bá ọ́fíìsì yín ní Ìbàdàn kí ẹ béèrè bóyá wọ́n lè fún yín ní ìsinmi aláìgbowó, kí ẹ má tíì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀.

Ẹlẹ́nu Rédíò

Ohùn ni èmi ń tà, n kì í ṣe òṣìṣẹ́ olóṣù fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n èmi ni mo máa ń ka ohun tí irú yín bá kọ. Iṣẹ́ ti pọ̀ sí i fún wa láti ìgbà tí ARCON ti ní kí wọ́n má lo òṣèré àti olóhùn ilẹ̀ òkèèrè nínú ìpolówó mọ́, láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 2022. Ẹ̀yin tó mọ Yorùbá kọ náà yóò jẹ nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi bí ọjọ́ kan ṣe ń rí ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ hàn yín, nítorí ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà bá yín lára mu. Yàrá náà kéré, wọ́n ti pa ẹ̀rọ amúlétutù nítorí ariwo rẹ̀, òógùn ń bọ́ lójú mi. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá ni oníbàárà sanwó rẹ̀ fún ilé rédíò. Ẹ kọ “Bí ẹ bá ti ra ọṣẹ yìí lónìí, aṣọ funfun àwọn ọmọ yín kò tún ní pọ́n mọ́”, mo kà á, gbogbo ìwé náà sì já sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá ó lé mẹ́rin. Oníbàárà kò gbà kí a yọ orúkọ ọṣẹ tó jáde lẹ́ẹ̀mẹrin, kò gbà kí a yọ nọ́ńbà fóònù. Ẹ̀yin ni gbogbo wa yóò kọjú sí. Ní ìdúró níbẹ̀, ẹ ó fi bírò pa ìlà náà rẹ́, ẹ ó kọ “Aṣọ ọmọ yín ò ní pọ́n mọ́”, n ó tún un kà, yóò bọ́ sí i rẹ́gí. Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ yóò na àtàǹpàkò sí yín láti ẹ̀yìn gíláàsì. Àwọn akọ̀wé kan kórìíra irú ìṣẹ́jú bẹ́ẹ̀, wọ́n máa ń bínú pé a ba ewì àwọn jẹ́. Àwọn mìíràn kò ní ibi tí wọ́n fẹ́ràn láti wà bíi tibẹ̀. Ẹ mọ irú ẹni tí ẹ jẹ́.

Olùkọ́ Ìbàdàn

Ẹ ṣeun púpọ̀, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọgbọ́n tán nínú yín. Ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì ni èmi àti ìyàwó mi jọ kà lẹ́ẹ̀mejì. Ìbéèrè méjì ló kù fún mi. Wọ́n ti fi ìwé àdéhùn ránṣẹ́, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé gbogbo ohun tí mo bá kọ nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ wọn, tiwọn ni. Ṣé ewì tí mo ń kọ nílé náà wà nínú rẹ̀? Èkejì, wọ́n ní kí n kọ ìpolówó mẹ́ta fún oníbàárà wọn kan gẹ́gẹ́ bí ìdánwò kí a tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Ṣé kí n kọ ọ́?

Agbẹjọ́rò Abẹ́òkúta

Ẹ káàsán, Olùkọ́. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà ti ọdún 2022 kò gbà kí ẹnikẹ́ni gba irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ṣe iṣẹ́ láìjẹ́ pé ó wà ní kíkọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi kọ gbólóhùn yẹn sínú ìwé, ìdí náà sì nìyí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ bá wọn jà lórí rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí i, nítorí pé lẹ́yìn tí ẹ bá ti fọwọ́ sí i, ọwọ́ yín ni ẹ fi gbé e fún wọn. “Gbogbo ohun tí mo bá kọ” ti pọ̀ jù. Ẹ ní kí wọ́n yí i padà sí ohun tí ẹ kọ fún oníbàárà ilé-iṣẹ́ nìkan, lórí iṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ gbé fún yín. Ẹ ní kí wọ́n fi gbólóhùn kan kún un pé ewì, eré àti ìwé tí ẹ ń kọ ní àkókò tiyín, tí kò jẹ mọ́ iṣẹ́ wọn, tiyín ni. Kí ẹ sì to orúkọ àwọn ewì tí ẹ ti kọ ṣáájú sí ẹ̀yìn ìwé náà, kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i. Ilé-iṣẹ́ tó mọ ohun tó ń ṣe kò ní bínú sí èyí.

Ẹ tún béèrè bóyá ẹ lè fi iṣẹ́ tí ẹ ṣe níbẹ̀ sínú àkójọ iṣẹ́ yín bí ẹ bá kúrò. Ọ̀pọ̀ ló ti ṣiṣẹ́ tó lókìkí tí wọn kò lè fi hàn ẹnikẹ́ni pé àwọn ló ṣe é.

Àgbà Ìpolówó

Ní ti ìdánwò, kò sí ohun tó burú nínú pé wọ́n fẹ́ mọ bí ọwọ́ yín ṣe rí. Ohun tí n kò fẹ́ ni pé ọjà oníbàárà wọn gan-an ni wọ́n ní kí ẹ kọ ọ́ fún. Ẹ sọ fún wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé ẹ ó kọ ọ́ fún ọjà tí kò sí, tí wọ́n lè fi orúkọ tó bá wù wọ́n pè. Bí wọ́n bá ta kú pé ti oníbàárà àwọn ni, kí wọ́n san owó rẹ̀. Mo mọ ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó gbọ́ ìdánwò wọn lórí rédíò láìrí iṣẹ́ náà gbà.

Mo tún fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ tó ń kọ̀wé fúnra rẹ̀, torí ẹ ó bá a níbẹ̀. Àwọn ọ̀gá kan ti ń ní kí ẹ̀rọ kọ Yorùbá, kí akọ̀wé kàn máa tún un ṣe. Ẹ bi wọ́n bóyá irú iṣẹ́ tí wọ́n ní lọ́kàn fún yín nìyẹn. Ẹni tó ń ro èrò láti ìbẹ̀rẹ̀ àti ẹni tó ń tún àmì ṣe kì í gba owó kan náà, inú wọn kì í sì í dùn bákan náà bí wọ́n bá délé.

Olùkọ́ Ìbàdàn

Mo ti kọ̀wé sí wọn lórí gbogbo èyí. Wọ́n gbà láti yí ọ̀rọ̀ nípa ewì padà, wọ́n sì ní òṣìṣẹ́ wọn lé ní ogójì, pé àwọn ń san owó ìfẹ̀yìntì. Lórí òru, wọ́n ní ó máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí Ìyá Ìbejì ti sọ pé wọn yóò sọ. N ó lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì láti bá àwọn òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀. Bí mo bá gbà á, ṣé mo lè máa gbé Ìbàdàn kí n máa wọ ọkọ̀ ojú irin lójoojúmọ́?

Ìyá Ìbejì

Rárá o. Ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní ọdún 2021 dára, Mọ́níyà ni ẹ ó ti wọ̀ ọ́, ẹ sì lè sọ̀ ní Agége, tí kò jìnnà sí Ìkẹjà. Ṣùgbọ́n iye ìgbà tó ń rìn lóòjọ́ kò pọ̀, bí ẹ bá pàdánù ti ìrọ̀lẹ́ nítorí iṣẹ́ tí kò parí, Èkó ni ẹ ó sùn. Ẹ gba yàrá kan ní Ògbà tàbí ní Agége fún ìbẹ̀rẹ̀, kí ìyàwó àti àwọn ọmọ dúró sí Ìbàdàn títí wọn yóò fi sọ yín di òṣìṣẹ́ gidi lẹ́yìn àkókò ìdánwò, kí ẹ máa fi ọkọ̀ ojú irin lọ sílé ní ìparí ọ̀sẹ̀. Kí ẹ sì sọ fún àwọn ará ibi iṣẹ́ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ pé ẹ ní ọkọ̀ ojú irin láti bá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì.